Ọgbọ̀n Ìṣẹ́jú Tí Wọn Ò Jẹ́ Kí N Yí Padà

Ẹni tó ń darí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Thamesmead, ní ìlú London, ló ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ń rò ó bóyá kí wọ́n kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Mummy, ẹ jẹ́ kó encourage wọn o, ẹ má jẹ́ kó le jù." Mo ní ó dáa. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó tí mo mú bírò, inú ló kọ́kọ́ bí mi, mi ò sì ní tìtorí ìwúrí purọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ibi tó dùn wà nínú ìtàn yìí, mo máa sọ ọ́. Ibi tó dùn mí náà wà níbẹ̀, òun gan-an ni mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ yé.

Mojísọ́lá lorúkọ mi, àmọ́ láti Woolwich títí dé Thamesmead, "Mummy Server" ni wọ́n ń pè mí. Iṣẹ́ tí mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe ni ìtọ́jú sáfà. Bí ẹ bá tẹ nǹkan lórí fóònù yín, tí ẹ fẹ́ sanwó iná tàbí tí ẹ fẹ́ rí dókítà, ọ̀rọ̀ yín kì í kàn lọ sínú afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ kan wà níbì kan tó ń gbà á, tó ń wá ìdáhùn sí i, tó sì ń dá a padà fún yín. Ẹ̀rọ yẹn àti ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ là ń pè ní sáfà. Bó bá ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé èmi wà láyé. Ọjọ́ tó bá dákẹ́, kódà akọ̀wé tí kì í kí mi á máa pariwo orúkọ mi kiri.

Mi ò ní pẹ́ lórí bí mo ṣe ríṣẹ́. Mo ti Abẹ́òkúta wá, mo gbálẹ̀ ní ọsibítù tó wà nítòsí Woolwich Common, mo lọ kílàásì ìrọ̀lẹ́, mo gbàwé ẹ̀rí, kò sí ẹni tó fẹ́ gbà mí. Nígbà tó yá, ẹnì kan ní ọkùnrin wa kan wà lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ní Woolwich, tó ń tọ́jú sáfà fún àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké àti àwọn ìjọ. Mo lọ. Ó gbà mí. Owó tó ń san kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Alàgbà Adéoyè lorúkọ ọ̀gá mi yìí. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, ará Ìjẹ̀bú, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sábà rẹ́rìn-ín. Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn ófíìsì rẹ̀ níbi tí àwọn ẹ̀rọ wà, tí wọ́n ń kùn látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ kò gbọdọ̀ wọ bàtà dé ibẹ̀. Àní bí wọ́n ṣe ń bọ́ bàtà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn gẹ́lẹ́ ló ṣe ń bọ́ ọ lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá sáfà. Mo rò pé nítorí iná mànàmáná ni. Mo bi í. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Iṣẹ́ òòjọ́ àwọn ènìyàn ló wà nínú yàrá yìí. O ò ní fi ẹrẹ̀ Woolwich wọ̀ ọ́." Nínú òtútù tí ń jẹni dé eegun, èmi nìyí pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ méjì lẹ́sẹ̀ kan.

Ó le. Ẹ̀yin tí ọ̀gá yín ń fi ẹ̀rín kọ́ níṣẹ́ lónìí, ẹ máa dúpẹ́. Gbogbo sáfà ló ní ojú ìwé kan tí wọ́n kọ ètò rẹ̀ sí, ìlà lórí ìlà: iye ènìyàn tó lè dá lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ìwọ̀n tó gbọ́dọ̀ rántí, ìgbà tó yẹ kó sinmi. Alàgbà á na ìka sí ìlà kan.

"Kí lèyí ń ṣe?"

"Alàgbà, mo rò pé ó máa ń..."

"'Mo rò pé' ò sí nínú iṣẹ́ yìí. Jáde."

Bó bá ti ní kí n jáde, orí àtẹ̀gùn ni mo ń lọ jókòó sí pẹ̀lú ìwé lórí itan, títí màá fi mọ ohun tí ìlà náà ń ṣe àti bí màá ṣe dá a padà bó bá bàjẹ́. Àwọn tó ń gbé fóònù wọn wá tún ṣe a máa rò pé mò ń tọrọ nǹkan. Àtẹ̀gùn yẹn mọ̀ mí ju àga ilé mi lọ.

Ẹ̀kọ́ kan wà tó kọ́ mi tí mi ò lè gbàgbé. A ń tọ́jú ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì kan fún ìjọ rẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ ìjọ ti lè kọ ẹ̀bẹ̀ àdúrà wọn ránṣẹ́. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé sáfà kì í rántí ènìyàn títí ayé. Bí ẹ bá wọlé, á rántí yín fún ìgbà díẹ̀. Bí ẹ ò bá fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́, á gbàgbé yín, á ní kí ẹ wá sọ orúkọ yín lẹ́ẹ̀kan sí i, ohun tí ẹ ń kọ lọ́wọ́ á sì dàwátì. Nọ́ńbà kan lásán ló ń pinnu bí ìgbà díẹ̀ náà ṣe máa gùn tó. Alàgbà na ìka sí nọ́ńbà náà.

"Ta ló wà lẹ́yìn èyí?"

Mo ní kò sẹ́nì kankan, nọ́ńbà ni. Ó ní kí n jáde. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn títí, mi ò rí ìdáhùn nínú ìwé kankan. Nígbà tó rí i pé ó ti sú mi, ó jáde wá bá mi láìwọ bàtà, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn tó wà lókè tèmi.

Ó ní, "Màmá àgbà kan ló wà níbẹ̀. Ìka kan ló fi ń tẹ̀wé. Ó ń bẹ Ọlọ́run kí ọmọ rẹ̀ obìnrin lóyún. Ṣé o fẹ́ kí sáfà lé e jáde kó tó ṣe àmín?"

A sọ nọ́ńbà náà di ńlá lọ́jọ́ yẹn. Kò ná wa ní nǹkan kan, nítorí sáfà ọ̀fẹ́ là ń lò, irú èyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ pawọ́ pọ̀ ṣe tí wọ́n ní kí gbogbo ayé máa lò. Kò sí ìlà kan nínú rẹ̀ tí wọ́n tì mọ́ wa.

Nígbà tí ara Alàgbà kò gbé òtútù mọ́, ó padà sí Ìjẹ̀bú. Èmi náà ríṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Woolwich tó máa ń rán àwọn olùtọ́jú lọ sílé àwọn arúgbó àti aláìsàn. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010 sókè nìyẹn. Ẹ mọ àwọn olùtọ́jú tí mò ń sọ. Àwọn ìyá yín ni, àwọn ẹ̀gbọ́n yín ni, àwọn tí ẹ máa ń rí nínú bọ́ọ̀sì láàárọ̀ kùtù pẹ̀lú áńbúrẹ́là àti ike oúnjẹ. Bí wọ́n bá dé ilé arúgbó, wọ́n á tẹ "mo ti dé" lórí fóònù wọn. Bí wọ́n bá ń lọ, wọ́n á tẹ "mo ti ń lọ". Sáfà mi ló ń gbà á. Mo gbé irú sáfà ọ̀fẹ́ tí Alàgbà kọ́ mi kalẹ̀, mo tò ó ìlà lórí ìlà, mo sì fún un ní ìrántí tó gùn, nítorí mo mọ bí bọ́ọ̀sì Thamesmead ṣe rí, mo sì mọ bí àwọn obìnrin wa ṣe rí.

Iṣẹ́ ń lọ. Ẹ̀rọ ń yí padà. Àwọn èyí tí a ń gbé pẹ̀lú ọkùnrin méjì tẹ́lẹ̀ di èyí tí mo lè fi sínú báàgì. Lẹ́yìn náà wọ́n ní ká má ra ẹ̀rọ mọ́, pé gbogbo nǹkan ti wà nínú àwọsánmà. Mo bi wọ́n pé àwọsánmà ta ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe. Mi ò ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ̀rọ ẹlòmíì ni wọ́n ń pè ní àwọsánmà, ẹni tó bá sì ni ẹ̀rọ ló ni kọ́kọ́rọ́.

Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 2015, wọ́n gba ọ̀gá tuntun sórí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà. Ọmọ wa ni. Kúnlé lorúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, Plumstead ni wọ́n bí i sí, Kay ló ń jẹ́ ní ófíìsì. Ọmọ dáadáa ni, mi ò ní sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n kò mọ "ẹ" yàtọ̀ sí "o". Ó pe ìpàdé, ó ní àwọn tó ni ilé iṣẹ́ fẹ́ kí a dín ìnáwó kù, ó wá tẹ́ ọ̀nà mẹ́ta síwájú wa.

Àkọ́kọ́ ni sáfà ọ̀fẹ́ tí mò ń lò. Kò sẹ́ni tó ń gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, gbogbo ètò inú rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú, ẹni náà sì ń gbowó oṣù. Ìkejì ni sáfà ilé iṣẹ́ ńlá kan. Kò sí ohun tí ẹ ò lè fi tò, àní ètò inú rẹ̀ pọ̀ débi pé ilé ẹ̀kọ́ wà tí wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tò ó, ṣùgbọ́n owó tí ẹ ó fi gba àṣẹ láti lò ó ń ga bí ẹ̀rọ yín bá ṣe ń lágbára, ẹ ó sì máa san án lọ́dọọdún títí ẹ ó fi kú. Ìkẹta ni sáfà àyálò. Ẹ ò ra nǹkan kan, ẹ ò tọ́jú nǹkan kan, ẹ kàn ń san owó kékeré lóṣooṣù, wọ́n á bá yín gbé ètò yín sínú ẹ̀rọ tiwọn. Ibẹ̀ ni ojú Kúnlé wà.

Mi ò sọ pé ká má yá ilé gbé o. Ilé àyálò wà tí onílé máa gbà kí ẹ kun yàrá yín láwọ̀ tó wù yín. Ṣùgbọ́n èyí tí Kúnlé fẹ́ mú yìí, onílé ò gbà kí a kan ìṣó mọ́ ògiri. Mo ti lọ yẹ̀ ẹ́ wò kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n fún wa láyè láti fọwọ́ kàn níbẹ̀ kò ju títàn, pípa, àti fífi owó kún owó lọ.

Mo ní, "Kúnlé, èyí tó wọ́n jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lo fẹ́ mú yìí."

"Auntie, how? Òun ló cheap jù. Look at the numbers, innit."

"Owó tí wọ́n kọ síbẹ̀ lò ń kà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìrántí sáfà yẹn, a ò lè yí i. Iye ènìyàn tó lè dá lóhùn, a ò lè yí i. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹni tí a ò mọ̀ la ó máa bẹ̀."

"Auntie, o ti pẹ́ jù nínú settings yẹn. The board don't care about settings. Ìwọ náà need to let go."

Ìwọ. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó, mo ti wò ó, mo ti sọ ọ́, wọ́n ti gbọ́. Wọ́n mú àyálò.

Ìgbà tí a kó lọ síbẹ̀, ó kọ́kọ́ dùn lọ́wọ́. Ó yára, ojú rẹ̀ mọ́, Kúnlé gba ìyìn. Nígbà tó yá, àwọn olùtọ́jú bẹ̀rẹ̀ sí í dá mi dúró lọ́nà: "Mummy Server, app yẹn tún lé mi jáde o." "Mummy, mo ní láti log in lẹ́ẹ̀kan sí i." Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ni àwọsánmà, wọ́n fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀sùn kan, wọ́n ní kí n fi sùúrù dúró. Mo sọ fún Kúnlé. Ó ní kò sí system tí kì í ní issue.

Ibi tí a dé nìyẹn nígbà tí ọ̀rọ̀ Dúpẹ́ ṣẹlẹ̀.

Dúpẹ́ jẹ́ ọmọ Iléṣà, ìyá ọlọ́mọ méjì, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lára àwọn tó ń tọ́jú ni bàbá òyìnbó kan tí màá pè ní Mr. Harris, tó ń dá gbé ní Thamesmead láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí ìgbàgbé sì ti ń mú. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ilé iṣẹ́ fún Dúpẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní àràárọ̀. Ní ọjọ́ kan Mr. Harris ṣubú lẹ́yìn tí Dúpẹ́ ti kúrò níbẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ ló rí i nílẹ̀. Bàbá náà là á já, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Nígbà tí wọ́n wo ohun tó wà nínú sáfà, kò sí Dúpẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n wo ọjọ́ tó ṣáájú, kò sí i. Ọ̀pọ̀ òwúrọ̀ ni sáfà ní kò dé ọ̀dọ̀ bàbá náà rárá. Wọ́n bi bàbá fúnra rẹ̀, ó ní ìyàwó òun ló ń se oúnjẹ fún òun.

Wọ́n dá Dúpẹ́ dúró níṣẹ́. Wọ́n ní ó pa arúgbó tì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí kó yé yín. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, wọ́n máa kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí kò gbọdọ̀ tọ́jú arúgbó tàbí ọmọdé mọ́ láyé wọn. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ nìyẹn. Àwọn kan nínú ìjọ wa pàápàá ti ń wò ó bákan. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, sáfà nìkan ni wọ́n sì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Ó wá bá mi nílé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Birchmere Park. Ó kúnlẹ̀, kò fẹ́ dìde.

"Mummy, mo fi Ọlọ́run búra, mo lọ. Àràárọ̀ ni mo ń lọ."

"Mi ò ní kó o búra. Dìde. Fi bó o ṣe ń ṣe é hàn mí. Èmi ni Mr. Harris."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí ó rí mi pẹ̀lú gèlè lórí. Ó jáde, ó kan ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó tẹ "mo ti dé", ó sì ju fóònù sínú báàgì rẹ̀.

Mo ní, "Kí ló dé tó o fi í sí báàgì?"

"Háà, Mummy. Àgbàlagbà ń bá mi sọ̀rọ̀, kí n máa wo fóònù?"

Ó ṣe bíi pé ó ń po oúnjẹ àárọ̀, ó ṣe bíi pé ó ń wọ̀ mí láṣọ. Lẹ́yìn náà ó jókòó. Ó ní bàbá náà máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn nígbà tí òun bá ti fẹ́ máa lọ, nípa ìyàwó rẹ̀, nípa ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé wọn kọjá odò Thames nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra. Ó ní òun ò lè dìde nígbà tí àgbà ò tíì parí ọ̀rọ̀. Ó ní ibi tí wọ́n ti tọ́ òun, bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, ìdí ènìyàn kì í kúrò lórí àga.

Mo ní kó jẹ́ kí n sọ ìtàn tèmi nígbà náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó ń dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ wọra, a gbàgbé pé eré là ń ṣe. Nígbà tí mo dákẹ́, ó mú fóònù jáde, ó tẹ "mo ti ń lọ". Fóònù ní kó sọ orúkọ rẹ̀. Ó sọ ọ́. Fóònù ní ó ṣeun, ó ṣí ojú ewé òfìfo fún un. Ìbẹ̀wò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ti lọ, nítorí àfi bí wọ́n bá tẹ méjèèjì tán ni àyálò yẹn ń kọ ìbẹ̀wò sílẹ̀. Kò sí "mo ti dé", kò sí "mo ti ń lọ".

Mo figbe ta. Dúpẹ́ rò pé nǹkan ṣe mí.

Ẹ wo ìwà òṣìkà tí ẹ̀rọ ń hù. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ìrántí sáfà àyálò yẹn. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà ni ìbẹ̀wò. Ẹni tó bá sáré wọlé, tó da tíì sínú ife, tó sì sáré jáde, sáfà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ṣe dáadáa. Ẹni tó bá jókòó ti arúgbó kọjá àsìkò láìgba owó kún owó, òun ni sáfà ń pa rẹ́. Bẹ́ẹ̀ làwọn tó ń sá lọ ṣe di òṣìṣẹ́ rere, tí èyí tó dúró di ọ̀daràn. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Woolwich, mi ò mọ bí mo ṣe dé ibẹ̀. Mo ṣàlàyé fún Kúnlé. Ó pe àwọn tó ni àwọsánmà lójú mi. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, bó ṣe rí nìyẹn, irú èyí tí a ń san owó rẹ̀ kò gba kí a yí nọ́ńbà yẹn padà. Wọ́n ní bí a bá fẹ́ yí i, ká bọ́ sórí èyí tó ga jù ú lọ, owó rẹ̀ yàtọ̀. Kúnlé gbé fóònù sílẹ̀.

"Auntie, listen. Solution rẹ̀ easy. Tell them to leave on time."

"Kí lo wí?"

"Thirty minutes is thirty minutes. Kí wọ́n máa lọ lásìkò, app máa work. And they should keep the phone in their hand."

Mo dìde. Mo ní, "Kúnlé, nọ́ńbà kan ló yẹ ká yí. Nọ́ńbà kan! Nínú sáfà tí o gbà lọ́wọ́ mi, ọwọ́ mi kan ló máa gbà. O wá fẹ́ ká yí gbogbo obìnrin tó wà níbí padà nítorí pé o ò fẹ́ yí nọ́ńbà kan? Bí ìyá rẹ bá darúgbó, ṣé ẹni tó máa dìde nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ lo fẹ́ kí wọ́n rán sí i?"

Ó wolẹ̀. Ó ní, "Auntie, kì í ṣe èmi. The budget is signed." Mo gbà pé kì í ṣe òun nìkan. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù. Bí ẹ bá ti rí ọ̀ràn kan tí kálukú ní òun kọ́ ló dá a, ẹnì kan wà nísàlẹ̀ tó máa jìyà rẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, Dúpẹ́ ní èmi lòun fẹ́ mú dání. Obìnrin òyìnbó kan láti olú ilé iṣẹ́ ló jókòó sí ìdí tábìlì, kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, inú sáfà àyálò yẹn náà ló ń kọ ohun tí kálukú bá sọ sí. Mo ṣàlàyé ohun tí fóònù ṣe nílé mi. Ó tẹ́tí, ó ní òun gbọ́, ó ní ṣùgbọ́n ohun tó wà lákọsílẹ̀ ni ilé iṣẹ́ máa gbára lé. Ó bi Dúpẹ́ ní ìbéèrè, Dúpẹ́ ń sunkún, ó ń dáhùn jẹ́jẹ́. Ọ̀rọ̀ gùn. Obìnrin náà fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ó na omi sí Dúpẹ́, ó ní kó mu ún. Nígbà tó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ tó tẹ nǹkan kan, ojú rẹ̀ yí padà.

Ó ní, "Níbo ni gbogbo ohun tí mo kọ lọ?"

Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó ní kọ̀ǹpútà ní kí òun wá sọ orúkọ òun. Ó bínú, ó ní irú ìranù wo nìyí, òun ti jókòó síbí látàárọ̀. Kúnlé ń wo bàtà rẹ̀.

Wọ́n da ẹjọ́ náà nù. Ẹ bá mi wò ó o. Odidi olùtọ́jú ń sunkún, kò tó nǹkan. Èmi tí mo mọ iṣẹ́ náà ṣàlàyé, kò tó nǹkan. Nígbà tí ọ̀rọ̀ obìnrin òyìnbó náà dàwátì ló tó di ọ̀ràn. Inú mi dùn fún Dúpẹ́, mo dì mọ́ ọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi ń hó.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí owó tí wọ́n ní kò sí. Wọ́n bọ́ sórí èyí tó ga, wọ́n fún mi ní àyè, mo wọlé, mo sọ ìrántí sáfà di odindi ọjọ́ iṣẹ́ kan. Kò gbà mí ní àkókò tí ènìyàn fi ń mu omi. Nígbà tí a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ohun tí a ń san fún àyálò náà ti kọjá ti sáfà ọ̀fẹ́ pẹ̀lú owó oṣù tèmi. Wọ́n kọ̀wé sí gbogbo ìdílé tí a ń ṣiṣẹ́ fún pé a ti gbé ìgbésẹ̀ tuntun láti mú iṣẹ́ sunwọ̀n sí i. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Dúpẹ́ gba ìwé pé kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo wá "ẹ má bínú" nínú ìwé náà, mi ò rí i.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò ní kí ẹ má ṣe iṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ tó ní láárí ni, ó jẹ́ kí n tọ́ ọmọ, ó jẹ́ kí n mọ ara mi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n máa tẹ́ iye owó mẹ́ta síwájú yín, tí wọ́n á ní kí ẹ mú èyí tó kéré jù. Ẹ béèrè ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ní jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kàn, kí ẹ sì béèrè ara ta ni wọ́n máa fi san ìyókù. Ẹ béèrè rẹ̀ sókè. Wọ́n á ní ẹ ti pẹ́ jù nínú ètò. Ẹ tún béèrè.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Orúnkún mi ló lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n ní kí n máa gba ìtọ́jú nílé fúngbà díẹ̀, wọ́n sì rán olùtọ́jú sí mi ní àràárọ̀. Bí mo ṣe ní kí ẹni tó kan ilẹ̀kùn wọlé, Dúpẹ́ ni mo rí. Inú mi dùn ju kí n sọ lọ. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó po ògì fún mi, ó fi òróró ra ẹsẹ̀ mi, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn fún un, bí ọkọ mi olóògbé ṣe rí yìnyín fún ìgbà àkọ́kọ́, tó sáré jáde lọ sí Woolwich Common pẹ̀lú sálúbàtà ilé lẹ́sẹ̀, tó la ẹnu sókè bí ọmọdé. Dúpẹ́ ń rẹ́rìn-ín. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tí ọkọ mi ti yíjú wò mí, tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ni mo rí i pé ọwọ́ Dúpẹ́ ni fóònù rẹ̀ wà. Ó ti dìde.

"Mummy, ẹ má bínú. Àsìkò mi ti pé."

"Dúpẹ́, jókòó. Èmi fúnra mi ni mo yí nọ́ńbà yẹn. Kò lè lé ẹ jáde mọ́."

"Mo mọ̀, Mummy. Ẹ̀yin lẹ tún un ṣe, Ọlọ́run á tún tiyín ṣe." Ó gbé báàgì kọ́ èjìká. "Ṣùgbọ́n tí mo bá ti jókòó pẹ́ báyìí, àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Mi ò lè ṣe é mọ́."

Ó kúnlẹ̀, ó ní ó dọ̀la, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Mo wá sọ ohun tí ọkọ mi sọ nínú yìnyín lọ́jọ́ yẹn fún àga tí Dúpẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò lórí rẹ̀.